Bí mo ṣe gba róòsì mi lọ́wọ́ omi
Ewé róòsì tuntun tí mo gbìn sí ẹ̀yìnkùlé ní Lọ́ńdọ̀nù ń pọ́n rúsúrúsú. Òùngbẹ kọ́ o. Amọ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀: mo da omi sí ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, omi ṣì wà níbẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá tó wọ́wé tán, mo hú u. Mo gbẹ́ ihò náà fẹ̀ sí i, mo fi fọ́ọ̀kì gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ń dán bí ìkòkò, kí gbòǹgbò lè ráyè wọlé. Mo po ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa mọ́ iyẹ̀pẹ̀, mo tún róòsì náà gbìn, mo sì jẹ́ kí ibi tó wú nídìí igi náà bá ilẹ̀ dọ́gba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹsẹ̀ tẹ iyẹ̀pẹ̀ náà le, amọ̀ tútù kì í pẹ́ dì. Nígbà tó di oṣù kẹta, ọ̀mùnú pupa ti yọ lára rẹ̀.