Ẹ Má Tíì Fọ Ọ̀bẹ Bàbá Àgbà

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn ìdílé wa ní Òkè Ọya

Bí a bá ń pín ẹrù olóògbé, aṣọ òfì àti ìlẹ̀kẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń rí ẹni gbé wọn. Ọ̀bẹ àpò tó ti dípẹtà a máa bọ́ sọ́wọ́ ọmọ tó wá láti Àbújá tàbí Kàdúná, á sì di ìsàlẹ̀ àpótí.

Nígbà tí ẹ bá rí i, ẹ má wá sáńpépà. Ìtàn ọ̀bẹ wà ní ìdí irin rẹ̀, lápá tí kò mú, níbi tó ti wọ inú èèkù. Lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ kò jìn. Bí ẹ bá ha ìpẹtà, ẹ ti ha òun náà lọ. Ẹ má gbé e fún àwọn tó ń pọ́n ọ̀bẹ kiri àdúgbò pẹ̀lú.

Ẹ kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ sí oríkèé rẹ̀, ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó rọra ṣí i. Ẹ pa ìka mọ́, torí ó lè padé lójijì. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu ìdí irin náà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi fóònù yà á, kí ẹ sì fẹ àwòrán náà.

SHEFFIELD ni ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, SOLINGEN ni ti Jámánì. Ìràwọ̀ àti àgbélébùú tó jọ wà jẹ́ àmì ilé iṣẹ́ ọ̀bẹ Joseph Rodgers. I*XL ni ti George Wostenholm, Sheffield ni àwọn méjèèjì. Adé láàárín V àti R tọ́ka sí Ọbabìnrin Victoria, tó jọba láti 1837 sí 1901. G R ló ń da ni láàmú, torí ọba tó ń jẹ́ George pọ̀. Ẹ wá ẹ̀rí mìíràn tì í. Ọ̀bẹ Okapi bẹ̀rẹ̀ ní Solingen ní 1902, fún títà ní Áfíríkà, kó tó di ohun tí wọ́n ń ṣe ní South Africa.

STAINLESS ló ń tú àṣírí jù. 1913 ni Harry Brearley ṣe irin tí kì í dípẹtà ní Sheffield. Ọ̀bẹ tó bá ní ọ̀rọ̀ yẹn lára kì í ṣe èyí tí bàbá ńlá rà ní 1900, bó ti wù kí ẹni tó ń pìtàn náà dàgbà tó.

Ìlà mẹ́ta tó pàdé lókè bí ẹsẹ̀ ẹyẹ ni àmì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá wà lára ọ̀bẹ tó wúwo, tó ní irin ṣóńṣó àti ohun tí a fi ń ṣí agolo, ọ̀bẹ ológun ni. Ẹ béèrè bóyá bàbá lọ sógun Bọ́mà, kí ẹ sì wá ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ọ̀bẹ nìkan kò tó ẹ̀rí: wọ́n ta irú rẹ̀ fún ará ìlú lẹ́yìn ogun.

Èèkù lè jẹ́ ìwo, egungun tàbí igi. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gbígbóná dán an wò. Bó bá ń rùn bíi káńfọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ celluloid, irú ike àtijọ́ kan tó ń yára gbiná, tí èéfín rẹ̀ sì ń jẹ irin. Ẹ yà á sọ́tọ̀.

Epo ẹ̀rọ ni kí ẹ fi pa á, kì í ṣe epo pupa tàbí òróró ẹ̀pà, tó máa ń dì. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú àkọ̀ awọ. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú, inú ẹrù tí ẹ fi sílẹ̀ ní káńtà ni kó wà. Bó bá wà nínú báàgì ọwọ́, wọn yóò gbà á.