Bí A Ṣe Ń Fi Áljẹ́brà Yanjú Ìṣirò Ọjọ́ Orí

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kan tí àwọn tó ń múra WAEC máa ń bá pàdé: ọjọ́ orí ìyá kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti ọmọ rẹ̀. Tó bá di ọdún márùn-ún sí i, yóò jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta. Ọmọ ọdún mélòó ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn báyìí?

Ẹni tó kéré jù ni kí ẹ kọ́kọ́ pe ọjọ́ orí rẹ̀ ní x. Ọmọ jẹ́ x, ìyá jẹ́ 4x. Tó bá jẹ́ ti ìyá lẹ pè ní x, ìdá á wọ inú iṣẹ́ náà láìnídìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín ìwé yín sí ọ̀nà méjì, "báyìí" àti "ọdún márùn-ún sí i". Ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Bí ọdún márùn-ún bá gorí ìyá, ó ti gorí ọmọ náà. Ìyá á di 4x + 5, ọmọ á di x + 5. Ẹni tó bá kọ 4x + 5 = 3x ti gbàgbé pé ọmọ náà ń dàgbà. Mo ti rí àṣìṣe yìí nínú ìwé àwọn ọmọ tó mọ áljẹ́brà dáadáa; ìtàn inú ìbéèrè ni wọn ò kà délẹ̀.

Ó wá ku ká sọ ọ̀rọ̀ náà di ìdọ́gba:

4x + 5 = 3(x + 5)

Ẹ tú àkámọ́ náà, kí mẹ́ta sì kan ohun méjèèjì tó wà nínú rẹ̀:

4x + 5 = 3x + 15

Ẹ yọ 3x àti 5 kúrò lápá méjèèjì: x = 10. Ọmọ ọdún 10 ni ọmọ, ìyá jẹ́ ẹni 40 ọdún.

Ẹ má tíì gbé bírò sílẹ̀. Ní ọdún márùn-ún sí i, ọmọ á di 15, ìyá á di 45, ìlọ́po mẹ́ta 15 sì ni 45. Ẹ tún wo àlàfo àárín wọn: 30 ni báyìí, 30 náà ni nígbà yẹn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú irú ìṣirò yìí nìyẹn, torí láti ọjọ́ tí ìyá ti bí ọmọ náà ni àlàfo yẹn ti wà, kò sì ní yí padà. Bó bá yàtọ̀ nínú iṣẹ́ yín, àṣìṣe ti wọ ibì kan.

Bí ìbéèrè bá ní "ọdún mẹ́ta sẹ́yìn", ẹ yọ mẹ́ta lára gbogbo wọn.

Ẹ wá dán àlọ́ Gíríìkì àtijọ́ yìí wò, èyí tí wọ́n pa nípa Diophantus, onímọ̀ ìṣirò ará Alexandria. Ó lo ìdá kan nínú mẹ́fà ayé rẹ̀ ní èwe. Lẹ́yìn ìdá kan nínú méjìlá sí i, irùngbọ̀n hù ú. Lẹ́yìn ìdá kan nínú méje sí i, ó gbéyàwó. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ó bí ọmọkùnrin kan, tó lo ìdajì iye ọdún tí baba rẹ̀ lò láyé. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ikú ọmọ náà, baba náà kú. Ẹ fi x dúró fún gbogbo ọdún tó lò láyé. 84 ni ẹ ó rí.