Bí a ṣe ń kọ ìpolówó fún oníbàárà tí ọwọ́ rẹ̀ dí

Gbogbo ẹni tó bá gbé fóònù wá bá mi ní Sábó, Ilé-Ifẹ̀, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò: "Mo polówó, ẹnì kankan ò dáhùn."

Ọjà kan ni kẹ́ ẹ mú. Tẹ́ ẹ bá ń ta èlùbọ́ àti epo, ẹ polówó èlùbọ́ lónìí, kí epo dúró dọ̀la.

Ìlà àkọ́kọ́ ló ń dá ènìyàn láàmú, nítorí òun ló máa ń hàn lójú fóònù kéèyàn tó ṣí i. Ìyá eléèlùbọ́ kan ní Odò-Ogbè gbé tirẹ̀ wá: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin oníbàárà wa àtàtà, ẹ kú ọ̀sẹ̀ tuntun, Ọlọ́run á ṣílẹ̀kùn ọlá fún wa..." Ọ̀nà ṣì jìn kó tó kan èlùbọ́. Mo ní, "Ìyá, àdúrà yín á gbà, àmọ́ ẹni tó ń yọjú wo fóònù lórí ọ̀kadà ti ṣàmín, ó ti tì í sápò padà." A ò lè má kí ènìyàn, nítorí náà ìkíni kan, kò gbọdọ̀ di méjì. Ohun tá a padà kọ rèé: "Ẹ káàárọ̀. Èlùbọ́ Ṣakí dé, kóńgò kan ₦3,000, Odò-Ogbè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn alátà."

Ẹ rí i pé iye owó wà níbẹ̀. "Ẹ pè wá fún iye rẹ̀" ni mo kórìíra jù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí ò ní pè. Ẹni tó kọ iye tiẹ̀ síta ló máa lọ bá.

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni mo ti ń kọ ọ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Téèyàn bá bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ á máa gùn.

SMS ńkọ́? Ẹ ṣọ́ra. Lẹ́tà 160 ló ń wọ inú ẹyọ kan, àlàfo wà nínú rẹ̀. Tí lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́, bíi ẹ, ọ tàbí ṣ, kan ṣoṣo bá wọlé, 160 yẹn á di 70, owó méjì tàbí mẹ́ta lẹ máa san láìfura. Èmi máa ń yọ àmì kúrò, n óò sì tún un kà. Ọkùnrin kan tó ń ta irinṣẹ́ àgbẹ̀ fi "Oko tuntun ti de" ránṣẹ́. Ọkọ́ ló ní lọ́kàn. Àwọn obìnrin ń bi í pé èló ló ń ta ọkọ.

Lórí WhatsApp, ẹ fi àmì sí i bó ṣe yẹ. Bírọ́díkáàsì ibẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan tá a fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò tọ́jú nọ́ńbà yín, nítorí náà nígbà tí oníbàárà bá ń sanwó ni kẹ́ ẹ ní kó tọ́jú rẹ̀, lójú yín.

Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fún ọlọ́kadà kan kà, kẹ́ ẹ gba fóònù padà. Ẹ bi í: kí là ń tà, èló ni, ibo la wà? Tó bá ṣe "ẹ̀n...", ẹ padà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà.