Bí a ṣe ń ṣe àkọsílẹ̀ oṣù kan ṣoṣo: March 1909

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lẹ àkọsílẹ̀ oṣù kan mọ́ ògiri kíláàsì l'Ẹ̀pẹ́, ẹ mú March 1909. Ẹ fa ìlà 31 sórí páálí. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ 1 bọ́ sí. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 4, ni William Howard Taft di ààrẹ Amẹ́ríkà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 6, ni wọ́n bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Ẹ fi bírò pupa kọ ìbí, kí ẹ fi dúdú kọ ìṣẹ̀lẹ̀.

Ọjọ́ tó bá wá láti Rọ́ṣíà, ẹ fi 13 kún un, torí kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni wọ́n ń lò nígbà náà.

Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ rú gan-an ni ọjọ́ tí áàfáà kọ sílẹ̀ nígbà ìsọmọlórúkọ. Ọdún 1327 Hijira, ìyẹn kàlẹ́ńdà àwọn Mùsùlùmí tí kíkà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 622 tiwa, ni March 1909 wà. Ẹni tó bá kàn fi 622 kún 1327 á bọ́ sí 1949, ó ti fi ogójì ọdún ṣìnà nìyẹn! Ìdí ni pé ọdún Hijira fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú sí tiwa. Ẹ sọ 1327 di ìlọ́po 0.97 ná, kí ẹ tó fi 622 kún un.