Bóòtù táyà mẹ́ta kán lẹ́ẹ̀kan náà, àbí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan náà?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla ni mò ń wà, Ọbáńtókò l'Abẹ́òkúta níbí ni mò ń gbé. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn mo pààrọ̀ táyà iwájú, fọkanáísà yẹn ki páìpù bọ sípánà ó tún wá dúró lé e lórí, ó ní kó lè fún dáadáa ni. Ọjọ́ kẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ gbò-gbò-gbò, mẹkáníìkì ní bẹ́ríìnì ni, a pààrọ̀ ẹ̀, ariwo ò lọ. Lánàá bí mo ṣe ń bọ̀ láti Òkè-Ìlèwó, bóòtù mẹ́ta kán nínú márùn-ún, Ọlọ́run ló yọ mí. Ṣé bóòtù fékì ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu o, bọ̀dá mi. Mo ti wo fọ́tò tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ wo ojú ibi tó ti kán: apá kan jọ̀lọ̀, ìlà wẹ́wẹ́ tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀ bí èyí tí odò Ògùn máa ń fi sílẹ̀ létí bèbè tómi bá ń fà. Ibẹ̀ ló ti ń sán díẹ̀díẹ̀. Apá tó rí hárahàra bí iyọ̀ ló kán gbẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú wọn ti dógùn-ún níbi tó jọ̀lọ̀ yẹn, àwọn méjì tó kù ṣì mọ́lẹ̀ kedere, ìyẹn ni pé onídògùn-ún yẹn ló kọ́kọ́ lọ, ẹrù ẹ̀ bọ́ sọ́rùn àwọn yòókù. Kì í ṣe fékì ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn o, páìpù yẹn ni.

Ṣé ẹ rí i, kì í ṣe bóòtù ló ń gbé mọ́tò gan-an. Bó ṣe fa ríìmù mọ́ họ́ọ̀bù, ìyẹn irin tí bóòtù ti yọ jáde, tí wọ́n di ara wọn mú típẹ́típẹ́, ìyẹn ló ń gbé e. Bí dídì yẹn bá ti dẹ̀, ríìmù á máa yẹ̀ síwá sẹ́yìn, bóòtù á sì máa tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìgbà tí táyà bá yí. Táyà yín ń yí bí 500 ìgbà ní kìlómítà kan, Ìbàdàn lásán tó nǹkan bí 80 km, ẹ ṣírò ẹ̀, 40,000 nìyẹn. Irin wo ni ò ní rẹ̀?

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n ó fún un gan-an nù un, báwo ló ṣe máa tún dẹ̀?

Ìdáhùn: Ó fún un kọjá ààlà ni. 103 Nm (Nm la fi ń wọn agbára tí a fi ń yí nǹkan) ni Toyota ní ká fi fún nọ́ọ̀tì Corolla, bí ẹni fi 35 kg tẹ sípánà tó gùn ní 30 cm. Ẹni tó wọn 70 kg tó bá dúró sórí páìpù oní mítà kan, ó lé ní ìlọ́po mẹ́fà. Bóòtù tó ti nà kọjá agbára ẹ̀ kì í sún padà mọ́, bí rọ́bà ṣòkòtò tó ti gbó. Ẹ fọwọ́ yí nọ́ọ̀tì tuntun mọ́ àwọn méjì tó kù, tó bá há láàárín ọ̀nà, tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ti nà nìyẹn. Ẹ tún yẹ ojú họ́ọ̀bù wò, ìdọ̀tí pupa àti ìpẹtà tó bá wà láàárín òun àti ríìmù á fọ́ dànù tẹ́ ẹ bá ti ń rìn, nọ́ọ̀tì á dẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kí n pààrọ̀ mẹ́ta péré? Wẹ́dà kan ní Lafẹ́nwá tiẹ̀ lóun lè jó wọn pọ̀.

Ìdáhùn: Háà, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án! Irin tí wọ́n ti fi iná mú le ni bóòtù yẹn, iná wẹ́dà á bà á jẹ́, ẹ̀gbẹ́ ibi tó jó ló tún máa kán. Márààrún lẹ máa pààrọ̀. Tí ihò ríìmù bá ti fẹ̀ di bí ẹyin, ríìmù náà ti lọ. Torque wrench, ìyẹn sípánà tó ń wọn bí nọ́ọ̀tì ṣe fún tó, ni kí wọ́n fi dì í, kí wọ́n tún un dì lẹ́yìn 80 km. Àwọn tó kán, ẹ fi páálí wé e lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ tó kó wọn wá fún mi, ẹ má ṣe dán an wò bóyá ojú wọn ṣì bá ara mu o, ẹ máa pa ìlà yẹn rẹ́.