Bí ẹ ṣe lè ka ìtàn agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà àtijọ́ láì fi ojú òde òní wò ó

Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì tó ń wo NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, lórí fóònù, mo ń gbọ́ àríyànjiyàn yín ní Ajílòsun o, pé àwọn ará àtijọ́ ò mọ nǹkan kan torí kò sí iye yáàdì tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn. Ẹ dákun, bí wọ́n ṣe ń kà á rèé.

Ọdún lẹ kọ́kọ́ máa wò. 1932 ni NFL fúnra rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìṣirò sílẹ̀, ẹni tó bá ti gbá ṣáájú ìyẹn, inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti ṣa tiẹ̀ jọ. Bàbá bàbá mi ní Ìjerò ò ní ìwé ọjọ́ ìbí, ṣé a ò wá bí wọn ni?

Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè òfin ìgbà yẹn. Agbábọ́ọ̀lù kan, Heffelfinger, gba 500 dọ́là lọ́wọ́ tíìmù Allegheny ní November 12, 1892, bọ́ọ̀lù já bọ́, ó gbé e, ó sáré wọlé, Allegheny sì borí ní 4-0. Touchdown (kéèyàn gbé bọ́ọ̀lù wọ ìpẹ̀kun pápá) kan péré nìyẹn o! Pọ́ìntì 4 ni nígbà yẹn, 1912 ló tó di 6. Ẹ má sì wá bọ́ọ̀lù jíjù síwájú nínú ìtàn rẹ̀, 1906 ni wọ́n tó fàyè gba ìyẹn.

Pé ẹnì kan gbá fún tíìmù rẹpẹtẹ kì í ṣe ẹ̀sùn. Mááṣì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sanwó fún (tíìmù Canton fún agbábọ́ọ̀lù Jim Thorpe ní 250 dọ́là lórí mááṣì kan ní 1915), tíìmù sì ń kógbá sílé ṣáá. Tẹ́ ẹ bá rí APFA náà, orúkọ àtijọ́ NFL ni, 1922 ni wọ́n yí orúkọ padà.

Èyí tó ká mi lára jù ni kẹ́ ẹ wo ohun tó dá iṣẹ́ náà dúró. Fritz Pollard, èèyàn dúdú, òun àti tíìmù Akron gba ife 1920 láì pàdánù mááṣì kan, nígbà tó di 1921 ó ń gbá ó tún ń ṣe kóòṣì, dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe é ní líìgì yẹn, ó kọjá sí Milwaukee, Hammond, Providence, ó padà sí Akron, 1926 ló gbá kẹ́yìn níbẹ̀. Nígbà tó yá, láti 1934 títí di 1946, wọn ò jẹ́ kí dúdú kankan wọlé mọ́. Bàbá kú ní 1986, 2005 ni wọ́n tó fi wọ́n sí Hall of Fame, ibi tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn akọni bọ́ọ̀lù yìí, àbí ẹ ò rí nǹkan!

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ mọ bí mááṣì kan ṣe lọ gan-an, ẹ ka ìwé ìròyìn ìlú méjèèjì tó pàdé, torí oníròyìn onílé á ṣáà pọ́n ọmọ tiwọn.