Bí a ṣe ń sọ ẹ́ńjìnnì bàálù àwòṣe onípúlọ́ọ̀gì di oní-dísù

Ẹ́ńjìnnì kékeré tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi bàálù àwòṣe najú ń lò ni èyí tí wáyà inú púlọ́ọ̀gì rẹ̀ máa ń pọ́n yòò, tó sì ń jẹ methanol tí a pò mọ́ òróró àti nitromethane. Methanol kì í rọrùn láti rí ní Èkó, nitromethane ṣọ̀wọ́n jù ú lọ, àgbá tí a bá sì ṣí lẹ́ẹ̀kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, àgàgà ní ìlú tí òkun àti ọ̀sà yí ká bí ti wa. Kẹrosíìnì ní tirẹ̀ kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe lè yọ púlọ́ọ̀gì kúrò, kí a fi orí tuntun tí a lè tẹ̀ wálẹ̀ rọ́pò rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì náà sì máa fi ìfúnpọ̀ nìkan dáná. Iṣẹ́ irin tó wà níbẹ̀ kò le fún ẹni tó mọ ẹ̀rọ lathe lò. Epo tí a ó pò àti síkúrúù tí a ó máa yí ni iṣẹ́ gan-an.

Nínú ẹ́ńjìnnì onípúlọ́ọ̀gì, irú èyí tí Ray Arden ará Amẹ́ríkà gbé dé ọjà ní ọdún 1947, bátìrì ni a kọ́kọ́ fi ń mú kí wáyà náà gbóná. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbaná tán, a ó yọ bátìrì, methanol àti platinum ara wáyà yóò sì máa bá ara wọn ṣiṣẹ́ tí ooru rẹ̀ kò fi ní lọ. Ẹ́ńjìnnì oní-dísù kò nílò bátìrì rárá. Písítìnì ni yóò fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ títí wọn yóò fi gbóná débi tí ether, ìyẹn kẹ́míkà olómi tó tètè máa ń gbaná tí a ó pò mọ́ kẹrosíìnì, yóò gbaná fúnra rẹ̀, ooru tí ether sì nílò fún èyí kò tó 200°C. Kábúrẹ́tọ̀ ló ṣì ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Kò sí ẹ̀rọ tó ń tú epo sínú sílíńdà bíi ti ọkọ̀ àjàgbé, nítorí náà dísù tí wọ́n ń tà ní ilé epo kò wúlò fún un, bó ti wù kí a yí abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ pẹ́ tó.

Kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnnì ló yẹ fún ìyípadà yìí, torí pé ẹrù tó ń bọ́ sórí kíráńkì àti kọnrọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ kíráńkì, yóò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ wá èyí tí kíráńkì rẹ̀ sanra, tó jókòó lórí bíárìnnì, tí kọnrọ́ọ̀dù rẹ̀ sì ní búṣì idẹ nísàlẹ̀. Èyí tó wà láàárín 2.5 cc sí 6.5 cc ni mo lè dámọ̀ràn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ kì í fàyè gba àṣìṣe bíńtín. Ẹ fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá tutù: bí písítìnì bá ti ń dé òkè, ó gbọ́dọ̀ tako ọwọ́ yín gidigidi. Èyí tí afẹ́fẹ́ ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ písítìnì rẹ̀ ṣì lè rọ́jú ṣiṣẹ́ pẹ̀lú methanol, ṣùgbọ́n kò ní gbaná láé bí a bá sọ ọ́ di oní-dísù.

A lè ra orí tuntun láti òkè òkun fún àwọn ẹ́ńjìnnì tó gbajúmọ̀, a sì lè gbé iṣẹ́ náà fún àwọn tó ń yí irin ní agbègbè Mushin àti Ládipọ̀. Bí ẹ bá yan ọ̀nà kejì, ẹ gbé sílíńdà fúnra rẹ̀ dání, kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán tí ẹ yà sórí bébà. Aluminium ni a fi ń ṣe orí náà. Ihò kan wà láàárín rẹ̀, inú ihò yìí sì ni písítìnì kékeré kejì wà, tí mo ń pè ní písítìnì òkè. Rọ́bà O-ring tó lè gba ooru ni yóò dí etí rẹ̀, kí a sì gbẹ́ ojú ibi tí rọ́bà náà yóò jókòó sí sókè díẹ̀, kó jìnnà sí iná. Lókè pátápátá ni síkúrúù tó ní ọwọ́ wà. Bí a bá yí i wálẹ̀, yóò ti písítìnì òkè sísàlẹ̀. Bí a bá tú u, agbára inú sílíńdà ni yóò gbé e padà.

Kí wọ́n tó gé irin kankan, ẹ wọn àyè tó wà láàárín písítìnì àti orí àtijọ́ nígbà tí písítìnì bá dé òkè. Ẹ mú lẹ́ẹ̀dì tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń jó wáyà mọ́ra, ẹ gbé ègé kékeré sórí písítìnì, ẹ de orí náà mọ́ ọn, ẹ yí kíráńkì kọjá òkè lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi caliper wọn bí lẹ́ẹ̀dì náà ṣe pẹlẹbẹ tó. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ́ńjìnnì 2.5 cc ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí ihò sílíńdà rẹ̀ fẹ̀ tó 15 mm, tí ìrìn písítìnì rẹ̀ sì jẹ́ 14 mm. Bí ìfúnpọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 9 sí 1 (ìyẹn ni pé písítìnì ń fún ohun tó wà nínú sílíńdà pọ̀ di ìdá kan nínú mẹ́sàn-án), tí a sì ka orí náà sí pẹrẹsẹ, àyè tó kù lókè písítìnì yóò jẹ́ nǹkan bí 1.75 mm, bí a bá fẹ́ kó di 16 sí 1, àyè náà gbọ́dọ̀ sún mọ́ 0.93 mm. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ nǹkan bí 0.8 mm, síkúrúù M5 sì máa ń rìn 0.8 mm ní yíyí kan ṣoṣo. Ìyẹn ni pé yíyí kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹ́ńjìnnì tí kò lè dáná àti èyí tó ń sáré, bí písítìnì òkè bá fẹ̀ tó sílíńdà. Bí ó bá kéré sí i, yíyí náà yóò pọ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá fi ìyẹn sọ́kàn kò ní máa yí síkúrúù bí ẹni ń yí ẹnu ẹ̀rọ omi. Ẹ rí i dájú pẹ̀lú pé ohun kan wà tí kò ní jẹ́ kí písítìnì òkè sọ̀ kalẹ̀ débi tí yóò kan èyí tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kábúrẹ́tọ̀ kò gùn. Kìlógíráàmù kẹrosíìnì kan ní agbára tó tó 43 MJ, ti methanol sì jẹ́ nǹkan bí 20, nítorí náà epo tí ẹ́ńjìnnì náà yóò máa jẹ máa ń dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Ẹ ó rí i pé abẹ́rẹ́ kábúrẹ́tọ̀ kò ní ṣí tó bíi ti tẹ́lẹ̀, bí kò bá sì fa epo dáadáa, ẹ fi òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ dín ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù. Ẹ yọ gbogbo họ́ọ̀sì silicone, torí pé epo yìí máa ń mú kó wú kó sì rọ̀. Neoprene ni kí ẹ lò. Táńkì páànù tí a jó pọ̀ dára ju ti oníke lọ.

Epo náà wá kàn. Fún ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ ti rọ̀, lítà kan gba ether 350 ml, kẹrosíìnì 430 ml, òróró lárà 200 ml, àti 20 ml ohun tó ń mú epo tètè gbaná, bíi isopropyl nitrate tàbí 2-ethylhexyl nitrate. Fún ẹ́ńjìnnì tuntun, ẹ gbé òróró sókè sí 300 ml, kí ether wà ní 350 ml, kẹrosíìnì 335 ml, kí nitrate sì jẹ́ 15 ml. Ẹ má ṣe jẹ́ kí nitrate kọjá 2 nínú 100, nítorí pé iná yóò máa bẹ́ ṣáájú àkókò tó yẹ, kọnrọ́ọ̀dù ni yóò sì jìyà rẹ̀. Òróró lárà tó mọ́ tó sì fúyẹ́ ní àwọ̀ ni kí ẹ rà. Èyí tó dúdú tí àwọn obìnrin ń fi sí irun ti yan nínú iná, wọ́n sì lè ti po nǹkan mìíràn mọ́ ọn.

Ní ọjà kẹ́míkà Ọ̀jọ́tà, diethyl ether ni kí ẹ béèrè. Bí òǹtàjà bá gbé petroleum ether fún yín, ẹ dá a padà, torí pé kò sí ether kankan nínú rẹ̀, kò sì ní gbaná lábẹ́ ìfúnpọ̀ bí a ti fẹ́. Diethyl ether máa ń hó ní 34.6°C, ọ̀sán oṣù Kejì sí Ìkẹta ní Èkó sì máa ń sún mọ́ ìwọ̀n yẹn, inú ọkọ̀ tí a gbé sínú oòrùn sì ti kọjá rẹ̀. Ìdájí ni kí ẹ po epo, níta gbangba, kí ẹ kọ́kọ́ fi ìgò ether sínú kúlà oníyìnyín. Ẹ má ṣe gbé e sínú fíríìjì ilé, nítorí iná tó ń ṣẹ́ nínú rẹ̀ lè ran èéfín ether. Èéfín yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀, ó ń rá lórí ilẹ̀ ni, ó sì lè rìn dé ọ̀dọ̀ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tàbí sítóòfù tó wà ní ẹnu ọ̀nà kejì kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ilé oníyàrá ojúkojú kò gbọ́dọ̀ ṣe é nínú ilé. Ẹ ra ìwọ̀nba tí ẹ ó lò láìpẹ́, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò dúdú tàbí agolo tí ìdérí rẹ̀ le, nítorí ether tó ti pẹ́ lẹ́yìn tí a ṣí i máa ń di peroxide tó lè bú gbàmù. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ara ìgò.

Ẹ da òróró àti kẹrosíìnì pọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí ether tẹ̀ lé e, kí nitrate sì gbẹ̀yìn. Òróró lárà kì í dara pọ̀ mọ́ kẹrosíìnì dáadáa bí ether kò bá sí láàárín wọn, nítorí náà bí epo tí ẹ ti pò bá di onírúurú àwọ̀, tàbí tó bá dà bí omi ìrẹsì, ether rẹ̀ ti ń lọ.

Fún ìdáná àkọ́kọ́, ẹ de ẹ́ńjìnnì náà mọ́ pákó tó wúwo, kí ẹ lo abẹ̀bẹ̀ tó tóbi ju ti methanol lọ: 9×4 fún èyí tó ń lo 8×4, 12×6 fún èyí tó ń lo 10×6 (nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni bí abẹ̀bẹ̀ ṣe gùn tó ní íǹṣì, ìkejì sì ni íǹṣì tó yẹ kó fi rìn síwájú ní yíyí kan). Ẹ tú síkúrúù sẹ́yìn, ẹ fi ìka dí ẹnu kábúrẹ́tọ̀, kí ẹ sì yí abẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí epo lè dé inú. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọ̀pá tí a wé rọ́bà mọ́ gbá abẹ̀bẹ̀, kí ẹ máa yí síkúrúù wálẹ̀ ní ìdámẹ́jọ yíyí títí ẹ ó fi gbọ́ tí yóò dún pá. Bí abẹ̀bẹ̀ bá kọ̀ tí kò kọjá òkè mọ́, epo ti kún inú sílíńdà. Ẹ má fi agbára mú un, nítorí ohun olómi kì í ṣeé fún pọ̀, kọnrọ́ọ̀dù ni yóò tẹ̀. Ẹ tú síkúrúù, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ yí i títí epo yóò fi jáde.

Bí ó bá ti ń ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ kábúrẹ́tọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, lẹ́yìn náà síkúrúù, kí ẹ má yí méjèèjì pọ̀. Bí ìfúnpọ̀ bá pọ̀ jù, ohùn rẹ̀ yóò wúwo, eré rẹ̀ yóò falẹ̀, òróró tó ń jáde yóò dúdú. Bí ó bá kéré, yóò máa fo, yóò sì máa yọ èéfín. Bí ara rẹ̀ bá ti ń gbóná, ẹ tú síkúrúù díẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìfúnpọ̀ kún un nítorí pé epo kò tó. Láti pa á, ẹ fún họ́ọ̀sì pọ̀.

Kí ẹ tó gbé bàálù sókè, ẹ gba àṣẹ tó yẹ lọ́wọ́ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú ní Nàìjíríà, kí ẹ sì jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Bàálù tí a ń fi okùn dì mú ni mo fẹ́ràn jù fún ìdánwò, nítorí pé kò ní lọ jìnnà. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí epo inú táńkì tán pátápátá, ẹ da òróró díẹ̀ sínú kábúrẹ́tọ̀, ẹ tú síkúrúù sẹ́yìn ní ìdajì yíyí kí rọ́bà O-ring má bàa wà lábẹ́ ìfúnpọ̀, kí ẹ sì fi aṣọ tó ní kẹrosíìnì nu ara ẹ́ńjìnnì náà. Aṣọ tí ẹ bá wọ̀ nígbà iṣẹ́ yìí, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀.